Oúnjẹ Ilẹ̀ àti Ìlò Ajílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Oko Gójì ní Ningxia

Ọ̀rọ̀ oko ni a fẹ́ sọ nínú ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ oko jìnnà sí ohun tí à ń kọ́ ní ilé-kéwú. Ẹni tí ó bá ti kọ́ sárúfù díẹ̀ mọ̀ pé láti inú gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí àgbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí àṣeyọrí jáde ní èdè Lárúbáwá. Fallāh ni àgbẹ̀, falāh ni àṣeyọrí, ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ méjèèjì sì ni kí ènìyàn la ilẹ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: bí àpò fàtíláísà kan bá mú kí igi so, ṣé àpò méjì yóò mú kí ó so ní ìlọ́po méjì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ibẹ̀ ni owó àgbẹ̀ ń bá lọ, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà sì ni omi kànga ti ń di ohun tí a kò lè fún ọmọ ìkókó mu. Kí ọ̀rọ̀ náà má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, igi kan ṣoṣo ni a óò mú, ní ilẹ̀ kan ṣoṣo, tí a óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Igi náà ni gójì, ilẹ̀ náà sì ni Ningxia ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà.

IGI NÁÀ ÀTI ILẸ̀ RẸ̀

Gouqi ni àwọn ará Ṣáínà ń pe igi yìí. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é ní Lycium barbarum. Gójì ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, òun náà ni a óò sì máa pè é. Igi kékeré ẹlẹ́gùn-ún ni. Wọ́n ń gé e lórí kí ó má baà ga kọjá ibi tí ọwọ́ akáso lè tó. Èso rẹ̀ pupa fòò, ó rí gbọọrọ bí ata wẹ́wẹ́. Èyí kò sì gbọdọ̀ yà wá lẹ́nu, nítorí pé ìdílé kan náà ni òun pẹ̀lú ata, tòmátì, ìkàn àti tábà. Nǹkan bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún èso tútù ni wọ́n ń sá kí wọ́n tó rí kílò kan gbígbẹ. Nínú gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín, ìpínlẹ̀ Zhongning ní Ningxia ni orúkọ rẹ̀ ròkè jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oko rẹ̀ pọ̀ ní Qinghai, Gansu àti Xinjiang pẹ̀lú.

Ningxia jẹ́ ẹkùn kan ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà. Ní 1958 ni ìjọba Ṣáínà sọ ọ́ di ẹkùn àwọn Hui. Mùsùlùmí ni àwọn Hui, èdè Ṣáínà ni wọ́n sì ń sọ. Tíì tí wọ́n fi ń ṣe àlejò, èyí tí wọ́n ń pè ní tíì ohun iyebíye mẹ́jọ, gójì wà lára ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Ìdí kan nìyí tí a fi mú oko wọn ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí kejì, tí ó sì ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni pé ilẹ̀ wọn le, kò sì dárí jin ẹni tí ó bá ṣi ajílẹ̀ lò.

Òjò kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin gójì, òjò ọdún kan gbáko kò ju bíi 200 mìlímítà lọ. Ti Ìbàdàn ń lé ní 1,000. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń fa omi kúrò nínú ilẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ohun tí òjò fún un. Odò Huang He, ìyẹn odò aláwọ̀ ìyeyè, ni ó ń bọ́ wọn. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí wọ́n ti ń la ipa omi láti inú odò náà wọ oko, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ àwọn ipa omi àtijọ́ wọ̀nyẹn mọ́ àwọn iṣẹ́ omi oko tí ó jẹ́ ogún aráyé ní 2017. Ṣùgbọ́n omi odò náà kì í ṣe èyí tí wọ́n lè bù bí ó bá ṣe wù wọ́n. Láti 1987 ni ìjọba ti pín in fún àwọn ẹkùn tí ó ṣàn kọjá, bílíọ̀nù mẹ́rin mítà onígun mẹ́ta ní ọdún kan ni wọ́n sì pín fún Ningxia.

Omi tí ó fún wọn ní oúnjẹ yìí kan náà ni ó tún gbé wàhálà wá. Omi odò ní iyọ̀ díẹ̀ nínú. Nígbà tí wọ́n bá dà á kún inú oko, apá kan a rì lọ sísàlẹ̀, a sì gbé omi abẹ́ ilẹ̀ sókè. Nígbà tí oòrùn bá wá fa omi yẹn jáde, omi nìkan ni ó ń lọ, iyọ̀ kò lè fò. Yóò dúró sí ojú ilẹ̀, funfun bí ìyẹ̀fun. Ẹni tí ó bá ti gbé omi oníyọ̀ kaná títí tí ó fi gbẹ tán nínú ìkòkò mọ ohun tí à ń sọ. Ìdí tí gójì fi gbilẹ̀ níbẹ̀ ni pé ó ń fara da iyọ̀ ju ọ̀pọ̀ igi eléso lọ. Àní wọ́n ń gbìn ín sórí ilẹ̀ tí iyọ̀ ti bàjẹ́ kí ilẹ̀ náà lè wúlò. Àmọ́ kí á fara da nǹkan yàtọ̀ sí kí á fẹ́ràn rẹ̀ o.

Yàtọ̀ sí iyọ̀, ilẹ̀ oníkán-ún ni. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH: 7 ni àárín rẹ̀, ohun tí ó bá wà nísàlẹ̀ 7 jẹ́ kíkan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tí ó bá ga ju 7 lọ ń ṣe bí kán-ún. Ilẹ̀ oko gójì ní Ningxia sábà máa ń ju 8 lọ, ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, ewé jíjẹrà sì kéré nínú rẹ̀ púpọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, níbi tí òjò ti ń fọ ilẹ̀ láti ayé-báyé, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni ó fì sí ọ̀nà kíkan. Kí olùkàwé wa fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

ÒFIN OHUN TÍ Ó KÉRÉ JÙ

Èròjà 17 ni àwọn onímọ̀ kà pé ohun ọ̀gbìn kò lè ṣe aláìní. Láti inú afẹ́fẹ́ àti omi ni ó ti ń rí mẹ́ta, ìyẹn káábọ̀nù, háídírójìn àti ọ́síjìn. Inú ilẹ̀ ni ó ti ń wá ìyókù. Ní 1828, Carl Sprengel, ará Jámánì, ṣe àlàyé kan tí Justus von Liebig, ará Jámánì bíi tirẹ̀, wá sọ di mímọ̀ káàkiri láti 1840: èròjà tí ó kéré jù lọ ní ìwọ̀n ohun tí igi ń fẹ́ ni yóò pinnu bí ìkórè yóò ṣe pọ̀ tó, kì í ṣe èyí tí ó pọ̀ jù lọ. Ẹ jẹ́ kí á mú ọbẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí iyọ̀ bá wọ́n nínú ọbẹ̀, bí a bá da ata agbọ̀n kan sí i, ta kò ní di adùn. Ata nìkan ni yóò máa pọ̀ sí i, a ó sì ti ná owó ata.

Ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó láti dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àpò kejì yóò ṣiṣẹ́ bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ilẹ̀ ń fẹ́. Bí ó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ni ó wọ́n, àpò kejì di ẹrù fún ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wá wo àwọn èròjà náà bí wọ́n ṣe ń hùwà nínú ilẹ̀ Ningxia.

Náítírójìn ni ó ń mú ewé tutù kí igi sì dàgbà. Láyé àtijọ́, láti inú ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà ni àgbẹ̀ ti ń rí i. Ní 1909 ni Fritz Haber fi hàn pé ó ṣeé fà láti inú afẹ́fẹ́, ní 1913 ni iléeṣẹ́ tí Carl Bosch darí ní ìlú Oppau ní Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí a lè rà nínú àpò. Yúríà ni gbajúmọ̀ jù nínú wọn, nítorí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni náítírójìn.

Ilẹ̀ oníkán-ún kì í di yúríà mú dáadáa. Bí àgbẹ̀ bá fọ́n ọn sójú ilẹ̀ tí ó tutù, tí kò bò ó, yóò yí padà di amóníà, yóò sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Òórùn yẹn tí ń ta ni ní imú, owó ni ó ń lọ yẹn. Èyí tí kò bá afẹ́fẹ́ lọ a di náítíréètì, náítíréètì kì í sì lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Ibi tí omi bá gbà ni òun náà ń gbà. Nínú oko tí wọ́n ń da omi kún, yóò bá omi rì kọjá gbòǹgbò igi lọ sínú omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń fà mu. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé náítíréètì kò gbọdọ̀ ju mìlígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi mímu kan. Ìdí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ìkókó tí à ń fi omi po wàrà fún: bí ó bá pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn gbé afẹ́fẹ́ kiri ara bí ó ti yẹ, ètè àti èékánná wọn a sì máa ṣú bí aró. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ gójì nìkan. Ẹni tí kànga ilé rẹ̀ wà létí oko ẹ̀fọ́ níbikíbi, ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Igi tí wọ́n fún ní náítírójìn ju bí ó ti yẹ lọ a máa dára lójú. Ewé rẹ̀ a dúdú mininjọ, ẹ̀ka tuntun a sì máa yọ lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka wọ̀nyẹn ń bá èso du oúnjẹ, ewé rírọ̀ yẹn ni àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fa omi ewé mu sì fẹ́ràn jù, gójì sì jẹ́ igi tí àwọn kòkòrò yìí ti ń yọ lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Kòkòrò pọ̀, àgbẹ̀ fín oògùn. Oògùn kù lára èso, oníbàárà òkè òkun yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ̀ ọ́. Báyìí ni àpò fàtíláísà kan tí ó lé ṣe lè sọ ẹrù ọdún kan di ohun tí kò lọ sí ọjà tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni a fi ń mú gbòǹgbò àti òdòdó lágbára. Òun kì í sálọ bíi náítírójìn, dídúró ni ìṣòro tirẹ̀. Nínú ilẹ̀ ẹlẹ́fun, ẹfun a di í mú, igi kò sì ní í rí i lò. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ilẹ̀ kan kí ebi rẹ̀ sì máa pa igi. Nínú ilẹ̀ kíkan bíi tiwa, irin àti alumíníọ́ọ̀mù ni ó ń di í mú. Àárín méjèèjì, ní nǹkan bíi pH 6 sí 7, ni ọwọ́ igi ti ń tó o jù. Àwọn àgbẹ̀ tí ó mòye kì í fọ́n ọn káàkiri. Inú kòtò nítòsí gbòǹgbò ni wọ́n ń rì í sí, wọ́n sì ń pò ó mọ́ ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà, kí ilẹ̀ má baà tètè gbé e mì.

Potásíọ́ọ̀mù ni ó ń bá igi gbé ṣúgà láti inú ewé lọ sínú èso. Ilẹ̀ apá ibẹ̀ ní in lọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ èso ni wọ́n ń kó lọ lọ́dọọdún, ohun tí èso bá sì kó lọ kò ní í padà wá. Ẹni tí yóò bá fi kún un níbẹ̀ a máa yan oríṣi tí ó ní súlúfà ju oríṣi tí ó ní kílóráìdì lọ, bí ó tilẹ̀ wọ́n jù, nítorí ta ni yóò tún máa da irú iyọ̀ ọbẹ̀ sí ilẹ̀ tí iyọ̀ ti pọ̀ jù? Kí á rántí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ fàtíláísà alápò, iyọ̀ ni wọ́n.

Irin àti síǹkì kò pọ̀ tí igi ń fẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ oníkán-ún a máa fi wọ́n pamọ́ fún un. Níbí ni ojú ti ń tan àgbẹ̀ jẹ. Ewé pọ́n, ó sì sáré lọ ra yúríà. Kí ó kọ́kọ́ wo ewé tí ó pọ́n. Bí ó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀, àwọn àgbà ewé, ni ó kọ́kọ́ pọ́n látòkèdélẹ̀, ebi náítírójìn ni, nítorí igi a máa gba náítírójìn lọ́wọ́ ewé àgbà fún ewé ọmọdé. Bí ó bá jẹ́ ewé ọ̀dọ́ lókè ni ó pọ́n, tí iṣan ewé ṣì tutù, ebi irin ni, igi kò sì lè gbé irin láti ara ewé kan lọ sí òmíràn. Bí etí ewé àgbà bá jóná gbẹrẹ bí ẹni pé iná fẹ́ ẹ, kí á fura sí potásíọ́ọ̀mù, tàbí iyọ̀. Yúríà kò wo èyí tí irin ṣe sàn, kódà bí a bá da mẹ́wàá.

ÌGBẸ́ ÀGÙNTÀN ÀTI ÌWÉ ÀWỌN BABA ŃLÁ

Ohun tí ó ń gba oko gójì là jù lọ ni ajílẹ̀ tí ó ti ara ẹran àti ewéko wá. Àwọn ará Ningxia ní ohun márùn-ún tí wọ́n fi ń yangàn: gójì ni pupa wọn, awọ àgùntàn Tan sì ni funfun wọn. Àgùntàn yìí ti ń jẹ̀ kiri tẹ́lẹ̀ títí ó fi sọ pápá di aṣálẹ̀. Ní 2003 ni ìjọba ẹkùn náà fòfin de dída ẹran jẹ̀, wọ́n sì kó àgùntàn sínú ọgbà. Àwọn darandaran kò fẹ́ràn òfin náà nígbà náà, ó sì yé ni. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tí ó ti ń fọ́n ká sórí òkè di ohun tí a lè gbá jọ. Wọ́n tún ń lo pàǹtí tí ó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún òróró irúgbìn tán, bí irú èyí tí àwa ń fi ẹ̀pà ṣe tí à ń pè ní kúlíkúlí.

Iṣẹ́ tí ajílẹ̀ yìí ń ṣe kò mọ ní oúnjẹ nìkan. Ó ń mú kí erùpẹ̀ di omi mú, ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ń bọ́ àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú kò rí, àwọn tí ń sè oúnjẹ fún gbòǹgbò. Nínú ilẹ̀ tí ewé jíjẹrà kéré nínú rẹ̀, fàtíláísà alápò dà bí owó tí a kó sínú àpò tí ó lu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún àwa tí à ń ka ìwé Lárúbáwá. Ibn Bassal ní Toledo ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá, àti Ibn al-Awwam ní Ishbiliya, ìyẹn Seville, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, kọ ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìwé Ibn al-Awwam bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lé ajílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó mẹ́nu kan omi. Ẹ wo bí ètò náà ṣe tọ́. Wọ́n mọ̀ pé ìgbẹ́ ẹran kan yàtọ̀ sí èkejì, àti pé èyí tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ sàn ju èyí tí ó gbóná. Wọn kò mọ orúkọ náítírójìn, ṣùgbọ́n wọ́n wo ilẹ̀ kí wọ́n tó dá ajílẹ̀ sí i. Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ ilé-kéwú ni kò dárúkọ ìwé wọ̀nyí létí ọmọ rárá.

Àwọn kan a máa béèrè bóyá ó tọ́ kí á fi ìgbẹ́ ẹran bọ́ ilẹ̀ tí a óò jẹ èso rẹ̀. Nínú mẹ́síhábù Máálíkì tí à ń tẹ̀lé lọ́dọ̀ wa, ìgbẹ́ ẹran tí jíjẹ rẹ̀ tọ́ kì í ṣe nájísì. Mẹ́síhábù Hánáfì, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn Hui ń tẹ̀lé, kà á sí nájísì, ṣùgbọ́n ó gbà kí á rà á kí á sì tà á nítorí àǹfààní rẹ̀ fún oko. Kò sí ìdènà níbẹ̀.

Ìdènà tí ó wà jẹ́ ti oko fúnra rẹ̀: ìgbẹ́ tútù a máa jó gbòǹgbò, a sì máa gbé irúgbìn koríko wọ oko. Kí wọ́n kó o jọ, kí ó gbóná, kí wọ́n yí i, kí ó tutù, kí ó dúdú, kí òórùn rẹ̀ sì lọ. Ìgbà yẹn ni ó tó di ajílẹ̀.

ÌGBÀ ÀTI ÌWỌ̀N

Gójì kì í so lẹ́ẹ̀kan kí ó dákẹ́. Ó ń rúwé ní oṣù kẹrin, òdòdó ń yọ ní oṣù karùn-ún, láti oṣù kẹfà ni èso ti ń pọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó tún ká a, bẹ́ẹ̀ títí wọ oṣù kẹjọ, a sì tún máa so ní ìgbà ìwọ́wé. Lára ẹ̀ka kan náà ni ènìyàn ti lè rí òdòdó, èso tútù àti èso pípọ́n pọ̀. Nítorí náà, kò bọ́gbọ́n mu kí á da gbogbo oúnjẹ ọdún sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ajílẹ̀ ìpìlẹ̀, ìyẹn ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtí òróró pẹ̀lú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ni wọ́n ń rì sínú kòtò ní ìgbà ìwọ́wé kí wọ́n tó da omi òtútù sí oko ní oṣù kọkànlá, tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé. Omi òtútù yẹn ń fọ iyọ̀ lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú. Etí ibi tí òjìji ẹ̀ka mọ ni wọ́n ń gbẹ́ kòtò náà sí, kì í ṣe ìdí igi, nítorí ibẹ̀ ni àwọn gbòǹgbò kéékèèké tí ń jẹun wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n óò máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un kí òdòdó tó yọ àti nígbà tí èso bá ń tóbi. Ní àwọn oko tí ó ti ní ọ̀pá omi ẹ̀kán, inú omi náà ni wọ́n ń yọ́ fàtíláísà sí, kí igi máa mu ún ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Omi dín, ajílẹ̀ dín, náítíréètì kò sì sáré rì lọ. Owó ọ̀pá ni ó ń dá ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kékeré dúró.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Mu ni àwọn ará Ṣáínà fi ń wọn ilẹ̀, mu kan sì jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 667. Bí igi bá jìnnà síra ní mítà kan, tí poro sì jìnnà síra ní mítà mẹ́ta, igi 222 ni yóò wà nínú mu kan. Ká sọ pé àyẹ̀wò ilẹ̀ sọ pé kí á fi náítírójìn kílò 10 kún mu kan. Fún ìṣirò ni a mú 10 yìí o, kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ sí oko. Bí a bá lo yúríà, kílò 22 ó dín díẹ̀ ni a nílò, ìyẹn bíi gíráàmù 98 fún igi kan. Bí a bá pín in sí ìgbà mẹ́ta, gíráàmù 33 ni lẹ́ẹ̀kan. Kò kún ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní fàtíláísà 15-15-15 ni a óò fi wá náítírójìn kílò 10 yìí, kílò 67 ni a óò rà, a ó sì ti da iye fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti potásíọ́ọ̀mù kan náà tẹ̀ lé e, yálà ilẹ̀ ń fẹ́ ẹ tàbí kò fẹ́ ẹ. Àpò kílò 50 yúríà ní náítírójìn kílò 23 nínú. Àpò 15-15-15 ní kílò méje àti ààbọ̀ péré. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń ka àpò, tí kò ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò, kò tíì mọ ohun tí ó rà.

Orílẹ̀-èdè Ṣáínà fúnra rẹ̀ ti rí ibi tí àpò-lórí-àpò ń gbé ni lọ. Ní 2015, fàtíláísà tí wọ́n lò jákèjádò ilẹ̀ wọn lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 60 tọ́ọ̀nù. Ọdún náà gan-an ni iléeṣẹ́ ìjọba wọn fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe ètò pé bí yóò bá fi di 2020 kò gbọdọ̀ máa lọ sókè mọ́. Ní 2020 ó ti sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 52 ààbọ̀, síbẹ̀ ọkà tí wọ́n kórè ní ọdún náà kò dín sí ti 2015. Kí ni mílíọ̀nù méje tọ́ọ̀nù ó lé yẹn ti ń ṣe nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀? Kì í ṣe ọkà ni wọ́n ń so.

TA NI Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN LỌ́DỌ̀ WA?

Àwa kò gbin gójì, ṣùgbọ́n ata àti tòmátì tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Òfin ohun tí ó kéré jù kò yàtọ̀, bí ewé ṣe ń sọ ebi rẹ̀ kò yàtọ̀, etí ibi tí òjìji mọ kò yàtọ̀. Ìwọ̀n ni kò ṣeé yá lò. Bí àpẹẹrẹ, eérú igi: ó ní potásíọ́ọ̀mù, ó sì ń ṣe bí kán-ún. Ẹni tí ó bá dà á sí oko gójì ní Ningxia, kán-ún ni ó fi kún kán-ún. Ẹni tí ó bá wọ́n ọn níwọ̀ntúnwọ̀nsì sí ilẹ̀ kíkan lọ́dọ̀ wa ṣe ilẹ̀ náà lóore. Eérú kan náà ni.

Nítorí náà, kí á yẹ ilẹ̀ wò kí á tó ra àpò. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀, bíi Yunifásítì Ìbàdàn àti FUNAAB ní Abẹ́òkúta, ní ibi àyẹ̀wò ilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní oko kan náà sì lè dá owó rẹ̀ jọ. Kí wọ́n bu erùpẹ̀ ní bíi ojúkò 15 sí 20 káàkiri oko, kí wọ́n máa rìn ní wọ́gọwọ̀gọ, kí wọ́n sì gbẹ́ ẹ tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Kí wọ́n má bu níbi tí wọ́n ti dáná rí, tàbí tí wọ́n kó ìgbẹ́ ẹran jọ sí, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fàtíláísà sí. Kí wọ́n pò ó pọ̀ nínú ike tó mọ́, nítorí garawa tí ó ti dípẹtà lè fi irin kún un. Kí wọ́n sá a sábẹ́ òjìji, kí wọ́n bu ìdajì kílò nínú rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n bù ú, ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn, àti ajílẹ̀ tí wọ́n fi sí ilẹ̀ náà kẹ́yìn sí i lára.